Eyín Funfun fún Ilé Àna

Bí ayàwòrán bá ti ní, "Ẹ pa ẹnu dé, àǹtí," ni omidan náà á tún bú sẹ́rìn-ín. Ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Yábàá ni, níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Èjí wà láàrin eyín rẹ̀ lókè, eyín náà funfun kinkin, èrìgì tó gbé wọn dúró sì dúdú minimini. Bọ́lárìnwá, tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tó so táì mọ́rùn bíi pé gómìnà ló ń retí rẹ̀, gbàgbé ohun tó bá wá.

Nígbà tó kàn án, wọ́n ya tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ṣé inú ń bí yín ni," omidan náà bi í, "àbí eyín ń dùn yín?"

"Rárá o. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn."

"Ọlọ́run kọ́ o. Ẹ̀yin lẹ ń fún ètè pọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Bọ́lárìnwá jẹ́ akáǹtáǹtì ní iléeṣẹ́ adójútòfò kan ní Sùúrùlérè. Kò sí ohun tó wà lára rẹ̀ tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, láti orí irun dé orí bàtà, àfi eyín. Obì àti kọfí ti pa wọ́n láwọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó kíyè sí i, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, gbogbo Èkó ló ń jíròrò rẹ̀.

Ọmọ́níkẹ́ lorúkọ omidan náà, àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ló ń kọ́ ní Ìwáyà. Kí òjò tó dá lọ́dún náà, "ẹ" ti di "o" láàrin àwọn méjèèjì, "Ọ̀gá Onítáì" sì ti di "Rìnwá mi." Lọ́jọ́ kan ó wá sọ pé, "Màámi ní kí o wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú."

Màámi yìí, Ìyáàfin Margaret Akínyẹlé, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń dá tọ́ Ọmọ́níkẹ́ látìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Tí wọ́n bá ní rárá, ọ̀rọ̀ bù ṣe nìyẹn.

Bọ́lárìnwá bá gbé fóònù, ó ń wá ohun tó lè sọ eyín di funfun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan níbẹ̀ ní kó fi òróró àgbọn yọ ẹnu. Ó yọ ọ́. Ẹlòmíràn ní kó fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ra eyín. Ó rà á. Wọn ò pa á lára, wọn ò sì sọ ọ́ di ẹni tuntun. Ó wá lọ èédú kúnná, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo eyín láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tó ń fọ ìdí ìkòkò.

"Ọ̀gá," Jemilat, akọ̀wé ọ́fíìsì wọn, bi í, "ṣé táyà lẹ jẹ ni?"

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, eyín ti mọ́ díẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrìgì ti pọ́n bí tàtàṣé. Omi tútù lásán ń mú un fò sókè.

Màámi gbé ìrẹsì ọ̀fadà àti ọbẹ̀ ayamáṣe wá, ata ń ta sánsán. Bọ́lárìnwá fi ṣíbí kan sẹ́nu. Iná! Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rọra ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ ṣeun, mà. Mo ti jẹun nílé kí n tó wá."

Màámi tẹjú mọ́ abọ́ náà. Ọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ, tó wá ń sá fún oúnjẹ ìyá ọmọ! Ṣé ó rò pé wọ́n fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ ni?

"Ó dáa," ni Màámi wí. Wọ́n fúnra wọn kó abọ́. "Ọmọ́níkẹ́, sìn ín dé géètì. Kó má padà wá mọ́."

Ní géètì, Ọmọ́níkẹ́ dojú kọ ọ́. "Ìdájí ni ìyá mi ti jí dáná. Kí ni wọ́n fi ṣe ẹ́?"

"Kò sí nǹkan."

"Rìnwá, sọ̀rọ̀, tàbí kí o máa lọ."

Bọ́lárìnwá kò tíì rí i láìrẹ́rìn-ín rí, ẹ̀rù bà á ju ata lọ. Ló bá la ẹnu.

Ọmọ́níkẹ́ di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí i sí oòrùn. "Jésù! Kí lo fi bọ ẹnu?"

"Èédú. Àti ọsàn wẹ́wẹ́."

"Nítorí kí ni?"

"Kí n lè rẹ́rìn-ín níwájú Màámi."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ọmọ́níkẹ́ ṣubú, ó rọ̀ mọ́ géètì. "Ó yá, wá lọ fi hàn wọ́n."

"Háà, Níkẹ́! Sọ fún wọn pé inú ló ń run mí."

"Mi ò ní parọ́ fún ìyá mi. Yálà ojú tì ẹ́ lónìí, tàbí o pàdánù mi."

Ó tẹ̀ lé e wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ròyìn gbogbo rẹ̀ látorí òróró àgbọn. Màámi gbé awò ojú wọ̀.

"Kí ni oríkì rẹ?"

"Àkànní, mà."

"Àkànní, la ẹnu." Wọ́n wò ó tinútòde. "Táì yìí dára. Ẹni tó so ó mọ́rùn ni ò gbọ́n. Ọsàn tó ń jẹ ìpẹtà lára irin lo fi ń fọ eyín?"

Wọ́n po iyọ̀ díẹ̀ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ní kó fi yọ ẹnu, kó tu ú dànù. "Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wàá máa lò. Lọ́la, ó di ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Iyọ̀ nìkan ò lè ṣe é. Ọmọ́níkẹ́, lọ po ògì, má jẹ̀ẹ́ kó gbóná."

Lójú Màámi ló ṣe lá ògì náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé abọ́ mì.

"Ìgbà wo làwọn ẹbí rẹ ń bọ̀ wá kí wa?" ni wọ́n bi í, wọn ò sì dúró gbọ́ èsì kí wọ́n tó kọjá sí kíṣìnnì.

Ọmọ́níkẹ́ bu ògì kejì fún un.

"Níkẹ́," ló wí pẹ̀lú ògì lẹ́nu, "eyín yìí lè máà funfun jù báyìí lọ o. Ṣé o máa fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Gbé ògì mì ná."

Ó gbé e mì.

"Mo máa fẹ́ ẹ," Ọmọ́níkẹ́ dáhùn, ó sì nu ẹnu rẹ̀ fún un.