Ìbọn Tí Ẹniolúwa Kọ̀ Láti Ṣe

Ọ̀gá Ọ̀ṣúndáre ju páìpù irin sílẹ̀ níwájú Ẹniolúwa, ó ní kó gé e, kó jó o mọ́ ìdí ìbọn. Ọdún 1997 ni, ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti le gan-an, ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tí wọ́n ti ń ṣe géètì ní Ìlódè nílùú Ifẹ̀ sì ti di ibi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn. Ẹniolúwa kò mú páìpù náà. Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni òun àti ìyá rẹ̀, ìgbàgbọ́ wọn kò sì gbà kí wọ́n lọ́wọ́ sí ogun.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé géètì fún mi, ẹ gbé fèrèsé fún mi, màá ṣe é," ó wí. "Ohun tí wọ́n máa fi pa èèyàn, mi ò lè ṣe é."

Ọ̀gá rẹ̀ rán an létí pé oṣù tó ń bọ̀ ni fírídọ̀mù rẹ̀, ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ ń gba òmìnira tí yóò sì di ọ̀gá ara rẹ̀. Ó ní bí kò bá ti lè ṣe ìbọn, kó gbàgbé fírídọ̀mù. Ẹniolúwa mọ̀ pé kò sí wẹ́dà tó máa gba ọmọṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò tú sílẹ̀. Síbẹ̀, kò mú páìpù.

Kí lojú ọmọ náà kò rí tán? Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù dàgbà wọ́ ọ jáde, wọ́n fi bẹ́líìtì nà án lójú ìyá rẹ̀, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Wọ́n lé ìyá rẹ̀, Mojísọ́lá, kúrò nídìí kànga agbo ilé, wọ́n ní omi Ifẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀tá. Inú agbo ilé yẹn gan-an ni wọ́n sì bí Mojísọ́lá sí. Inú mi ń ru bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àwọn àgbààgbà jókòó, wọ́n ń wò, kò sẹ́ni tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Nígbà tí ìjà rọlẹ̀ díẹ̀, Àjàgbé tó wọṣẹ́ lẹ́yìn Ẹniolúwa gba fírídọ̀mù. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n pe Ẹniolúwa àti ìyá rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò le: kí ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, kó sọ pé òun ṣẹ̀, ọ̀gá á sì tú u sílẹ̀. Ìyà ti jẹ Mojísọ́lá débi pé òun náà ń retí kó sọ ọ́.

Ẹniolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́," ó wí. Gbogbo wọn ń dúró de èyí tó kù. "Ṣùgbọ́n mi ò ṣẹ̀ yín, sà. Mi ò lè parọ́ mọ́ ara mi."

Ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù, ó sì jáde láìgba fírídọ̀mù. Ìyá rẹ̀ wò wọ́n yíká, ó sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Lébìrà ni Ẹniolúwa wá ń ṣe, ó ń ru búlọ́ọ̀kù níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ilé tó jóná kọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, ẹ má ṣe gbà pé ohun tó tọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ nítorí pé gbogbo àdúgbò ń pariwo lé yín lórí. Ọmọ tí kò pa ẹnikẹ́ni ni wọ́n ní kó tọrọ àforíjì. Àwọn tó yìnbọn ńkọ́? Títí dòní, kò sẹ́ni tó pè wọ́n.