Ìlà Ohùn Ẹ̀bùnolúwa

Ẹ má ṣe ka èyí sí àlọ́. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ìjókòó kan náà la sì jọ ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Ẹ̀bùn là ń pè é. Òun àti Ẹ̀bùnolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló fẹ́ jọ ṣe àwo orin ìyìn. Àmọ́ orin àkọ́kọ́ nìkan ni Ẹ̀bùn bá a kọ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìpetumodù. Ìyá nìkan ló kọ ìyókù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ òjò kan, ó lọ gbọ́ ibi tí iṣẹ́ dé ní sítúdíò Kọ́lápọ̀ ní Òkè-Ogbó. Yàrá kótópó ni. Fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ẹ ò ní í gbọ́ òjò mọ́. Èémí ara yín lẹ ó máa gbọ́.

Kọ́lápọ̀ nàka sí kọ̀ǹpútà. "Màmá, olóhùn kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà tiẹ̀ níbí. Bí mo ṣe to orin àkọ́kọ́ dùn, mo bá so gbogbo ìyókù mọ́ ọn, kí n má baà máa tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo bá ṣe sí ọ̀kan, á ṣe gbogbo wọn."

"Àmín."

Kọ́lápọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò gbàdúrà o, Màmá."

"Àmín kì í pọ̀ jù."

Ó tẹ orin kẹta. Ohùn ìyá jáde. Lẹ́yìn náà, nínú ìlà Ẹ̀bùn, iná aláwọ̀ ewé tó ń fi ìró ohùn hàn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Kọ́lápọ̀. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlà òfìfo tó bá orin àkọ́kọ́ wá ni."

Ẹnì kan ń gberin, jẹ́ẹ́jẹ́. Ohùn Ẹ̀bùn ni. Ẹ̀bùn ò sì gbọ́ orin yẹn rí.

"Pa á."

Ó pa ìlà náà. Ó kú nínú gbogbo orin lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pẹ́ rárá tí fóònù ìyá dún. Bọ́látitó ni, tí òun àti Ẹ̀bùn jọ ń kọ́ni.

"Màmá, ẹ gbà wá o! Ẹ̀bùn ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ ni, ohùn rẹ̀ ṣàdédé lọ. Ó ń sunkún, a ò gbọ́ ẹkún."

"Kọ́lápọ̀, ṣí i! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́!"

Ó ṣí i. Igbe bú jáde lórí fóònù. "Màmi!"

Ìyá kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Tú wọn ká. Kí orin kọ̀ọ̀kan dá dúró."

Kọ́lápọ̀ dojú kọ kọ̀ǹpútà. Ó tú wọn.

Fóònù dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn Bọ́látitó, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Màmá, ó tún ti lọ. Ẹnu rẹ̀ ń mì."

Kò sí orin kankan tó ń lọ. Síbẹ̀, iná gòkè nínú ìlà Ẹ̀bùn.

"Màmi," ni sípíkà wí, "ibo ni mo wà yìí? Ta ló wà lọ́dọ̀ mi níbí?"

Iná kejì gòkè, nínú ìlà ìyá.

"Èmi ni, ọmọ mi. Máa bọ̀."

Ohùn ìyá gan-an ni. Ìyá ò sì tíì la ẹnu.