Adéjọkẹ́ àti Sáúnà Àbúrò Rẹ̀

"Ẹsẹ̀ mi kò ní tẹ ẹ̀yìnkùlé yẹn láéláé! Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, kí ojú tì mí lójú ayé!"

Adéjọkẹ́ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìlọrà, lọ́sàn-án gangan, tí àwọn aládùúgbò ń na ọrùn láti ojú fèrèsé. Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ṣé wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ni? Ṣé wọ́n bú ìyá rẹ̀ ni? Rárá o! Sáúnà ni wọ́n yàn, wọn kò sì yan èyí tí ó fẹ́.

Ẹni tí kò bá mọ sáúnà, ilé pákó kékeré kan ni, tí wọ́n ń dáná sí títí yóò fi gbóná janjan, kí èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ kí ó làágùn. Olúdáre, àbúrò Adéjọkẹ́, lo ọdún mọ́kàndínlógún ní ilẹ̀ Fínláǹdì, níbi tí yìnyín ti ń bo òrùlé, tí agboolé tí kò ní sáúnà kò sì wọ́pọ̀. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì tí ó padà wálé, ẹ̀yìn àti orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì ní bí òun bá rí sáúnà kan sí ẹ̀yìnkùlé, ara òun á yá. Àwọn ará àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n Dáre, ẹ fẹ́ kọ́ ilé tí ẹ ó máa làágùn sí? Ṣé oko yín ní Ìmíní kò tó yín làágùn sí ni?" Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó fi àwòrán mẹ́ta han ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀kan rí roboto bí àgbá tí wọ́n dà dùbúlẹ̀. Èkejì jẹ́ ilé pákó kékeré tí wọ́n ń ti ìta ki igi bọ inú ààrò rẹ̀. Ẹ̀kẹta ń dán yinrin, iná mọ̀nàmọ́ná ni wọ́n fi ń mú un gbóná.

"Ẹ bá mi yàn án," ni ó wí.

Kíá, Adéjọkẹ́ ti na ìka sí ẹ̀kẹta. "Èyí tí ó ń dán yìí ni! Kí gbogbo Afijió mọ̀ pé ọmọ bàbá mi ti ìlú òyìnbó dé!"

Jùmọ̀kẹ́, ìyàwó Dáre, tí ó jẹ́ tíṣà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rọra dá sí i. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ iná tí wọ́n mú wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tó láti fi lọ aṣọ. Igi sì ń bẹ lóko wa. Tonígi ló dára lójú tèmi, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ní gíláàsì kékeré, kí á lè máa yọjú wo ẹni tó wà nínú rẹ̀, kí ooru má baà gbé e ṣubú."

Dáre mi orí. "Òótọ́ lo sọ, Ìyá Ẹniọlá. Tonígi la ó ṣe."

Ibẹ̀ ni ìbúra ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó dá Adéjọkẹ́ lẹ́bi, èmi náà sì dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Akínmọ̀rìn ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Dáre nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀yìn Adéjọkẹ́ ló sì gbé dàgbà. Nígbà tí ilé ọkọ tú mọ́ Adéjọkẹ́ lórí, Dáre ló fún un ní yàrá nínú ilé tí ó kọ́ sí Ìlọrà. Ní gbogbo ọdún tí Dáre sì fi wà lókè òkun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ máa ń pè. Bí òrùlé bá jò, Adéjọkẹ́ ni. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ìwé, Adéjọkẹ́ ni. Ẹnu rẹ̀ ni Jùmọ̀kẹ́ ti ń gbọ́ ohun tí ọkọ tirẹ̀ wí! Obìnrin náà sì ń gbà á bẹ́ẹ̀, kò bínú. Wàyí o, ọkọ ti dé, ó ń bi ìyàwó léèrè, ó sì ń gbọ́ tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Adéjọkẹ́ ń bẹ̀rù láyé yìí ni kí òun má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ létí àbúrò òun mọ́. Òjòwú kò lẹ́ran láyà: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bùbá Adéjọkẹ́ ti ń tóbi jù fún un.

Dáre gba káfíńtà kan láti Fìdítì, Bámidélé lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin tó mọ iṣẹ́ tó sì lẹ́nu ẹ̀rín. Lójoojúmọ́, bí Jùmọ̀kẹ́ bá ti ilé ìwé dé, òun ni ó ń bójú tó iṣẹ́, nítorí Dáre kì í fi oko rẹ̀ sílẹ̀. Adéjọkẹ́ di fèrèsé yàrá rẹ̀ tó kọjú sẹ́yìnkùlé, ó ta kọ́tìnì méjì bò ó. Kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n etí kò gbọ́ tẹni tó ni ín. Ó ń gbọ́ òòlù. Ó ń gbọ́ ẹ̀rín. Ó ń gbọ́ "Tíṣà, ṣé báyìí ni?" àti "Ó dára bẹ́ẹ̀, Bámidélé." Ó ń jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń jẹ èékánná, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó tún ń pe òun sí ohunkóhun nínú ilé yìí. Inú ibẹ̀ ni èṣù ti bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó pe Dáre wọ yàrá.

"Ọmọ ìyá mi, pa ilẹ̀kùn dé."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

"Ìyàwó rẹ ń sọ ọ́ di aṣiwèrè! Òun àti káfíńtà!"

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ rọra o!"

"Kí n rọra kẹ̀? Lánàá, Ọjọ́bọ̀, tí o wà lóko, ẹ̀rín wọn pọ̀ débi pé mo ṣẹ́ ìbúra mi, mo lọ wò. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí! Gíláàsì ara ilẹ̀kùn yẹn ni mo fi ojú mi méjèèjì yọ sí. Dáre, ohun tí mo rí kò ṣeé fẹnu sọ! Kí Bíbélì dájọ́ fún mi bí mo bá purọ́!"

Dáre jókòó wọ̀ọ̀. "Jùmọ̀kẹ́? Jùmọ̀kẹ́ tèmi?"

"Tìrẹ kẹ̀! Kí lo rò pé ó fi yan tonígi? Kí káfíńtà lè máa rí ọ̀nà wọlé ni! Ká ní o gbọ́ tèmi ni, èyí tí mo yàn ì bá wá nínú páálí láti òkèèrè, láìsí káfíńtà!"

Irú ẹnu wo nìyẹn! Ó ní kí Dáre má sọ nǹkan kan. Lọ́la, Sátidé, Bámidélé ń bọ̀ wá parí iṣẹ́. Kí Dáre ní òun ń lọ sí Ìwàré. Òun náà á ní òun ń lọ sí Akínmọ̀rìn. Kí Dáre padà ní aago mẹ́rin, yóò fojú ara rẹ̀ rí i. Dáre kò sùn, kò sì jẹun. Jùmọ̀kẹ́ sì ń bi í bóyá ibà ló ń ṣe é.

Ní Sátidé, Adéjọkẹ́ di gèlè, ó dágbére fún ìyàwó ilé, ó sì jáde. Ibi igi ọsàn tó wà ní ìyànà ni ó ti ṣẹ́rí padà. Ẹ bi mí pé kí ló ń wá? Irọ́ tí ó pa ti dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ kí ó di òótọ́. Ó fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan péré tí ó lè gbá mú! Ó gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ ẹ̀yìnkùlé. Jùmọ̀kẹ́ wà ní ilé ìdáná, Bámidélé sì ti lọ kó páìpù èéfín nínú mọ́tò níwájú ilé. Sáúnà dúró síbẹ̀ ní tuntun, gíláàsì kékeré ń tàn lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Adéjọkẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó fà á dé, ó sì lúgọ sílẹ̀ lábẹ́ gíláàsì náà.

Kò pẹ́ tí àwọn méjèèjì fi dé ìta, Bámidélé sì so páìpù náà mọ́ ààrò. Adéjọkẹ́ tẹ́tí.

"Tíṣà, kí á dáná sí i lófìfo ná, kí òórùn irin tuntun lè jáde kí bàbá tó lò ó."

"Ó dára. Igi nìyí."

Adéjọkẹ́ gbọ́ bí igi ṣe ń wọ ààrò. Ó gbọ́ ìṣáná. Ó fẹ́ sáré jáde, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde, kí ni yóò wí? Ó mú sùúrù.

Bámidélé tún sọ̀rọ̀. "Tíṣà, ẹ̀gbọ́n ọkọ yín kì í jẹ́ mi tí mo bá kí wọn. Kí ni mo ṣe?"

"Má bínú sí wọn. Nígbà tí mo bí Ẹniọlá, tí ọkọ mi kò sí nílé, ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi bá mi wẹ ọmọ. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn rọ ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owú ti dí i létí, ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀tàn! Ó mọ̀ pé ẹnì kan ń gbọ́ ni!" Òógùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti iwájú orí rẹ̀ sí ọrùn bùbá. Irin ń kẹ́. Òórùn ń fín in nímú. Ó tú gèlè, ó fi bo imú.

Aago mẹ́rin kò tíì lù nígbà tí Dáre já wọ ẹ̀yìnkùlé.

"Jùmọ̀kẹ́! Wọlé lọ palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́!"

"Bàbá Ẹniọlá! Kí ni mo ṣe?"

"O tún ń bi mí! Ìwọ àti ọmọ yìí, ní Ọjọ́bọ̀, nínú ilé tí mo ń kọ́ fún ìlera mi! Wọ́n rí yín! Wọ́n yọjú nínú gíláàsì yìí, wọ́n rí yín!"

Jùmọ̀kẹ́ kò pariwo. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Ta ló rí wa?"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Wọ́n sì fi Bíbélì búra!"

Bámidélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì tún dìde. "Bàbá, ẹ dákun, gíláàsì wo ní Ọjọ́bọ̀? Àárọ̀ yìí ni mo lọ gba gíláàsì yìí lọ́wọ́ àwọn tó gé e fún mi ní Ọ̀yọ́! Láti Ọjọ́ Ajé tí mo ti so ilẹ̀kùn yìí rọ̀, pákó ni mo kàn mọ́ ojú ihò yẹn. Pákó náà nìyẹn nílẹ̀, ìṣó ṣì wà lára rẹ̀! Ìta ni èmi àti Tíṣà sì máa ń dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá yọjú níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ojú rẹ̀ ń la pákó kọjá nìyẹn!"

Dáre bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé pákó náà, ó gbé e sí ojú gíláàsì. Ó bá a mu rẹ́gí.

Nínú ilé gbígbóná yẹn, Adéjọkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìbúra tí ó fi ń ṣe ìgbéraga, tí kò jẹ́ kó yọjú sẹ́yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan, òun ló tú u fó! Kò mọ̀ pé pákó ló wà níbẹ̀. Báwo ni ì bá ṣe mọ̀?

"Ẹ̀gbọ́n dà?" ni Dáre ń pariwo. "Àfi kí wọ́n ti Akínmọ̀rìn dé wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa!"

Ikọ́ kan bú jáde nínú sáúnà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú Adéjọkẹ́ ló wà nínú gíláàsì, ó pọ́n, ó ń kán tótó, ẹnu là sílẹ̀ ń wá afẹ́fẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí gbà, Adéjọkẹ́ sì já lulẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìyàwó tí ó fẹ́ lé jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ gba omi!" Jùmọ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ sáré sí i. Ó fún un lómi mu, ó fi ìborùn fẹ́ ẹ.

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?" ni Dáre bi í.

"Mo... mo wọlé lọ gbàdúrà sí i ni, kí ilé náà lè ní àlùbáríkà..."

"Àdúrà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ń purọ́ pẹ̀lú òógùn yìí lójú?"

Ó bú sẹ́kún. "Ó dáa, mo purọ́! N kò rí nǹkan kan! Ta ló pọ̀n ọ́, Dáre? Ta ló ń jẹ ẹ̀bà lásán kí ìwọ lè jẹ ẹran? Èmi ni! O wá dé tán, o sọ mí di àlejò. Mo na ìka sí ọ̀kan, ìyàwó na ìka sí òmíràn, o gba tìyàwó!"

"Nítorí sáúnà, ẹ̀gbọ́n? Nítorí sáúnà lẹ ṣe fẹ́ tú ilé mi ká?"

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a; ti Adéjọkẹ́ kò tilẹ̀ lo ọjọ́ méjì.

Dáre kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lójú káfíńtà. "Jùmọ̀kẹ́, dárí jì mí."

"Ẹ dìde, Bàbá Ẹniọlá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dúró dè yín, ẹsẹ̀ mi kò yà. Ọ̀sán kan ni wọ́n fi sọ ọ́, ẹ gbà á gbọ́. Èmi àti ẹ̀yin á sọ ìyẹn nínú yàrá."

Ó wá kọjú sí Adéjọkẹ́. Gbogbo wọn ń retí kí ó bẹ̀bẹ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Adéjọkẹ́ pàápàá ti gbójú sókè, ó ń dúró de ẹ̀bẹ̀ náà. Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, nítorí ọmọ tí a kọ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dárí jì yín, mo fi Ọlọ́run búra. Oúnjẹ yín á máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ilé yìí kò gba èmi àti ẹ̀yin mọ́. Ilé bàbá yín wà ní Akínmọ̀rìn."

"Dáre!" ni Adéjọkẹ́ ké. "O ń gbọ́?"

Dáre wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí ó wí ni."

Kò dúró pààrọ̀ aṣọ. Ó kó ìwọ̀nba ẹrù sínú báàgì kan, ó sì gun ọ̀kadà ní ìyànà. Òòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú, eruku bo gbogbo ojú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, ọlọ́kadà náà bojú wẹ̀yìn.

"Màmá, aṣọ yín mà rin gan-an o! Ṣé òjò rọ̀ ní Ìlọrà ni?"

Adéjọkẹ́ di báàgì rẹ̀ mú.

"Ó rọ̀," ni ó wí.