Iṣẹ́ Tí Ń Parí Lọ́sàn-án

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kejì ni ọmọ mi ọkùnrin kú. Àyà ló dùn ún níbi iṣẹ́, wọn ò sì gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni tó yẹ kó sin mí ni mo sin.

Mo kó lọ sí ilé rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ méjì. Èyí àgbà jẹ́ ọmọbìnrin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé ìwé girama. Odídẹrẹ́ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ohùn tí kò lè sín jẹ. Èyí àbúrò jẹ́ ọkùnrin, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Kí bàbá rẹ̀ tó kú, ọmọ yìí a máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n háyà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó dákẹ́. Á jẹun àárọ̀ lọ́wọ́ mi, á ṣeré díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán tí kò rí ìyá rẹ̀, á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ilẹ̀kùn. Kò ní jẹ, kò ní mu. Dókítà ní ká má fi ipá mú un, pé kí ìyá rẹ̀ ṣáà má jìnnà sí i pẹ́ jù.

Ìdí nìyẹn tí ìyàwó ọmọ mi fi ń wá iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́. Iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ló mọ̀. Ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, òun ló ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó ń wáṣẹ́ lẹ́nu wò, òun ló ń ṣètò ìsinmi, òun náà ló ń parí ìjà. Nígbà tí oyún ọmọ kékeré yìí ń yọ ọ́ lẹ́nu ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́ta.

Kò síbi tí kò dé. Ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọmọ wà nílé, ojú wọn á yí padà. Ọ̀gá kan tilẹ̀ wí fún un pé kó lọ tọ́ ọmọ tirẹ̀ ná kó tó wá tọ́ àgbàlagbà. Ó délé, ó sọ ọ́ fún wa, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bí ebi bá pa òṣìṣẹ́, á sunkún. Bí ẹ bá gba àga lọ́wọ́ rẹ̀, á dùbúlẹ̀ sílẹ̀ á máa ta ẹsẹ̀."

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe fóòmù tí à ń sùn lé gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí ọ̀sán gangan. Ó sọ gbogbo òótọ́ ara rẹ̀ fún wọn, ọdún tó fi jókòó sílé àti ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì bínú. Ó ku ohun kan ṣoṣo: kí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pe nọ́ńbà ọ̀gá àtijọ́ náà, ìyá àgbàlagbà kan, títí. Kò lọ.

"Wọ́n ti yí nọ́ńbà padà," ló wí. "Mo mọ àdúgbò wọn. Sátidé ni màá wá wọn lọ."

Odídẹrẹ́ gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀. "Màámi, kí Sátidé tó dé, ẹlòmíràn ti gba iṣẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan kàn ṣe bí ọ̀gá yín."

"Ẹnìkan bíi ta ni?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá lè ṣohùn àgbà."

Ìyá rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀. "Gbọ́ mi dáadáa. Iṣẹ́ tí mò ń wá yìí, iṣẹ́ ẹni tó ń dá òpùrọ́ mọ̀ ni. Ṣé irọ́ ni kí n fi wọlé síbẹ̀?"

"Rárá, mà."

Ó gbọ́, ó sì dáhùn. Èmi náà wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó wá bá mi. "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín. Mo fẹ́ bi ọ̀rẹ́ mi nípa iṣẹ́ àṣetiléwá." Mo yá a. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Láìpẹ́ mo gbọ́ ohùn obìnrin àgbà kan níbẹ̀, tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń wúkọ́. Mo rò pé aládùúgbò wa ni.

Ní Sátidé, ìyàwó ọmọ mi rí ọ̀gá rẹ̀. Ìyá náà dì mọ́ ọn, ó sì ṣèlérí pé òun máa pè. Ní ọjọ́ Ajé, ó pè lóòótọ́. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ilé iṣẹ́ fóòmù ní kí ìyàwó ọmọ mi máa bọ̀.

Ó lọ aṣọ rẹ̀, ó tún un lọ̀. Ọmọ kékeré kò fi í sílẹ̀, a ní láti gbé e dání, èmi sì tẹ̀ lé wọn. Ọ́fíìsì náà kò tóbi. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀ àti àga mẹ́ta, wọ́n sì to àwọn fóòmù kéékèèké tí wọ́n fi ń han oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọmọ náà fi ìka tẹ ọ̀kan, ó rì, ó tún dìde. Ó rẹ́rìn-ín sókè. Èmi àti ìyá rẹ̀ wo ara wa. A kò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti oṣù kejì.

Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin onígíláàsì kan, ní ká jókòó. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá mélòó lẹ ní níbi iṣẹ́ yín àtijọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni, mà."

"Méjì ló pè mí. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ́. Ẹni kejì sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín sọ fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọdún tó kọjá lẹ kúrò lọ́dọ̀ òun. Ó ní ẹ kò lọ́mọ kékeré kankan, pé bí a bá fẹ́ kí ẹ dúró di alẹ́, ẹ máa dúró. Ta ni ẹni yẹn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká jọ pè é."

Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó gbé fóònù sórí tábìlì. Fóònù dún nínú àpò mi.

Fóònù ń dún, ọmọ kékeré sì ń fi ìka tọ́ àpò mi. Ìyàwó ọmọ mi yíjú sí mi. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, kò fi irú ojú yẹn wò mí rí.

"Bàbá?"

Mo yọ ọ́ jáde, mo gbé e sórí tábìlì. "Fóònù mi ni. Èmi kọ́ ni mo pè yín."

"Ohùn obìnrin ni mo gbọ́," ni ọ̀gá náà wí. "Àgbà obìnrin. Ó tilẹ̀ ń wúkọ́."

Ìyàwó ọmọ mi di ojú rẹ̀. "Ọmọ mi ni, mà. Èyí àgbà."

Ọ̀gá náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo gbà yín gbọ́. Ṣé ẹ rí i, mo ti fi ọkàn sí yín láti ọjọ́ tí ẹ ti wá. Ọdún tí ẹ fi jókòó ti ọmọ kò jẹ́ nǹkan kan lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ jókòó síbi tí mo wà, tí irú ìpè báyìí wá láti ilé ẹni tó ń wáṣẹ́, ṣé ẹ máa gbà á?"

Ó lè parọ́. Ó lè bẹ̀bẹ̀. Ó wo ọmọ tó ń tẹ fóòmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Rárá, mà," ló wí. "Mi ò ní gbà á."

A padà sílé. Odídẹrẹ́ ti ilé ìwé dé, ó ń jó wọlé. "Màámi, ṣé kí n kí òṣìṣẹ́ tuntun kú oríire?"

"Ṣohùn ọ̀gá mi kí n gbọ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó rí ojú wa, ẹ̀rín náà gbẹ.

"Ṣe é. Bó o ṣe ṣe é fún wọn. Wúkọ́ sí i."

Ó kúnlẹ̀. Ó ní inú fóònù ìyá òun ni òun ti wo nọ́ńbà ilé iṣẹ́ fóòmù. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan nílé ìwé ló ní, "Ìwọ tó ń fọ̀ bíi tíṣà tí gbogbo kíláàsì ń dìde, o wá ń wo ìyá ẹ níran?" Ó ní òun fẹ́ ran ìyá òun lọ́wọ́ ni. Ó ní òun rò pé òótọ́ tí ìyá òun sọ ló máa gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òótọ́ yẹn ló fún mi ní iṣẹ́ náà," ni ìyá rẹ̀ wí. Kò nà án. Ì bá sàn fún ọmọ náà ká ní ó nà án.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Odídẹrẹ́ dá lọ sí ilé iṣẹ́ fóòmù pẹ̀lú aṣọ ilé ìwé lọ́rùn. Ó bẹ ọ̀gá náà. Ọ̀gá náà gbọ́ ọ, ó sì dárí jì í, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti jókòó síbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ọmọ náà kì í sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.

Ìyá rẹ̀ gba iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn ìlú. Odidi ọjọ́ ni. Ebi kò jẹ́ ká lè dúró de iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Ẹ má ṣe rò pé irọ́ tí a fi ìfẹ́ pa kò ní í jẹ́ irọ́. Ẹni tí ẹ pa á fún lè jẹ́ ẹni tó máa san gbèsè rẹ̀, òun àti ẹni tó kéré jù nínú ilé. Bí àgbà bá ní rárá, tí ẹ sì dáhùn pé ẹ ti gbọ́, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ìyàwó ọmọ mi ń jáde kí ọmọ kékeré tó jí. Ohun tó ń fi sílẹ̀ lórí tábìlì fún un nìwọ̀nyí:

Búrẹ́dì tí a ti gé wẹ́wẹ́, tí a fi àwo dé.

Ife olómi tó ní ìdérí.

Aṣọ méjì, nítorí á da omi sí ọ̀kan.

Bàtà rẹ̀, tọ̀tún àti tòsì ní ipò wọn, nítorí n kò ríran dáadáa mọ́.

Ìborùn tí ìyá rẹ̀ fi sùn mọ́jú, kó lè máa gbóòórùn rẹ̀ bó bá di ọ̀sán.