Ihò Àárín Àwòrán Ilẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tayọ̀tayọ̀. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó dá ilẹ̀ kí ó tó dá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Lókè igi ńlá ni obìnrin awọnlẹ̀ kan ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin ọlọ́yin kan: iná eléèéfín lọ́wọ́ ọ̀tún, agbo oyin bo apá òsì rẹ̀ bí aṣọ, ó sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń sọ fún wọn?" ni obìnrin náà kígbe láti ìsàlẹ̀.

"Mo ní kí wọ́n má ta àlejò. Àmọ́ bí àlejò bá ń pariwo, mi ò ṣe onídùúró o!"

Ẹ̀rín pa á.

Àwọn agégẹdú ló fẹ́ gba igbó náà. Ìjọba sì ní bí àwọn tó nilẹ̀ láti ìwáṣẹ̀ kò bá mú àwòrán ilẹ̀ wá sílé ẹjọ́, kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Ni ará ìlú bá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìyá tó bí ọlọ́yin ni olórí, wọ́n sì ránṣẹ́ pe obìnrin awọnlẹ̀ náà kó wá ya àwòrán ilẹ̀ wọn.

Ilé dé ilé ni òun àti ọlọ́yin ń lọ, wọ́n ń pe èèyàn sípàdé, àwọn àgbà ń sọ orúkọ odò fún wọn. Ìbéèrè obìnrin náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kí-lèyí.

"Kí-lèyí mi," ni ọlọ́yin wí lọ́jọ́ kan, "o ti béèrè gbogbo igi tán. O ò béèrè èmi."

"Igi tó bá fẹ́ kí n kọ orúkọ òun sílẹ̀, á dúró sójú kan."

Ó dúró.

Àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sára ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé, ìyá rí àmì pupa láàárín rẹ̀: ibojì àwọn ìyá ńlá. A kì í júwe ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ilé àti ìyàwó ilé nìkan ni à ń fà lọ́wọ́ débẹ̀. Kí-lèyí ti tọ ipasẹ̀ àwọn obìnrin débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rò pé ẹ̀rí ńlá lòun rí.

"Ojú rẹ mọ nǹkan-án wò," ni ìyá wí, "kò mọ ohun tí a kì í wò. " Ó yíjú sí ọlọ́yin. "Ọmọ mi, èyí kọ́ ni ìyàwó tí o máa fẹ́."

Kí-lèyí kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ dárí jì mí." Ìyá bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ pé, kí wọ́n tó wọlé, Kí-lèyí mú àlùmọ́gàjí, ó gé àmì náà kúrò, ó sì fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá.

Lọ́yà àwọn agégẹdú bú sẹ́rìn-ín. "Àwòrán oníhò! Kí ló wà níbẹ̀?"

Adájọ́ wo Kí-lèyí. Bí Kí-lèyí bá sọ ọ́, bóyá ará ìlú á gba ilẹ̀ wọn lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ forí jì mí. Èmi tí mò ń béèrè ohun gbogbo, mi ò ní dáhùn èyí."

Ni ìyá bá dìde, ó dárúkọ odò tó wà létí ihò náà. Ẹni tó tẹ̀ lé e dárúkọ òkè tó kàn án. Báyìí ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń dìde, láìwo ìwé, títí wọ́n fi yí ihò náà ká pátápátá.

Adájọ́ gbé kálàmù kalẹ̀. "Àlejò kì í mọ ilé onílé tó báyìí. Tiyín ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan ilẹ̀kùn Kí-lèyí.

"Bọ́ bàtà rẹ."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Wọ́n ní ẹnu rẹ kì í sinmi!" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí i. "Jẹ́ kí n fà ọ́ lọ́wọ́ débẹ̀."

Ọlọ́yin dúró létí ọ̀nà, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Kí-lèyí fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ ìyá. Lọ́jọ́ náà, kò béèrè ohunkóhun.

Ìwọ tó ka èyí, kí Olúwa fúnra Rẹ̀ fà ọ́ lọ́wọ́ dé ibi tí wọn yóò ti pè ọ́ ní ọmọ ilé. Àmín.