Gbé E Sókè!

“Oṣù kan gbáko, o ò gbọdọ̀ sáré.”

Bí nọ́ọ̀sì ilé ìwé ṣe ń sọ ọ́ ló fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Àgbọ̀nrín. Ọmọ náà ta kìjí. Àgbọ̀nrín kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Eré sísá ló bá a wá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àràárọ̀ ló sì ń sáré kí oòrùn tó mú. Ìdíje tí wọ́n fẹ́ fi yan àwọn tí yóò ṣojú ilé ìwé ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

“Nọ́ọ̀sì, tí mi ò bá sáré fún oṣù kan, èémí mi á kúrú.”

“Ṣé kò sí kẹ̀kẹ́ nílé yín ni? Kẹ̀kẹ́ kì í gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Máa gùn ún, èémí rẹ ò ní lọ síbì kankan.”

Kẹ̀kẹ́ wà. Ìyẹn gan-an ni wàhálà.

Ẹ̀yìnkùlé ni kẹ̀kẹ́ ọ̀hún wà, láàárín páànù àtijọ́ àti ilẹ̀kùn kan tó ti yọ. Aláǹtakùn ti kọ́lé sí i lọ́wọ́, táyà méjèèjì ti rọ̀ pẹlẹbẹ, ṣéènì sì ti dípẹtà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkóríta, ló tò ó fún un lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọjọ́ kejì tó gùn ún, bó ṣe fẹ́ yà ní kọ̀rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo pé, “Gbé e sókè!” Àfi gbàà! Àgbọ̀nrín ti wà nílẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àtàwọn oníbàárà bá bú sẹ́rìn-ín.

Ó wọ́ kẹ̀kẹ́ náà délé, ó jù ú sẹ́yìnkùlé, ó sì búra pé ẹsẹ̀ tí Ọlọ́run fún òun ti tó òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sáré. Láti ọjọ́ náà ni kò sì ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju “Ẹ káàárọ̀” lọ. Kí ẹnikẹ́ni má bá a wí. Ẹni tí wọn ò fi ṣe ẹlẹ́yà rí ló lè sọ pé ẹ̀rín kì í dunni.

“Gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ,” ìyá rẹ̀ wí. “A kì í gbé létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú.”

“Màmá mi, mo lè ṣe é fúnra mi.”

Ó sì ṣe é. Ó fọ̀ ọ́, ó fi òróró sí ṣéènì, ó fa atẹ́gùn sí táyà. Nígbà tó kan ìjókòó, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ilẹ̀. Sárésáré ni, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bá kanlẹ̀, ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Jíà tó le jù ló sì ń lò, torí lójú tirẹ̀, ohun tí kò bá dunni kì í ṣe iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde fùú pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

“Àbúrò! Gbé e sókè!”

Ọ̀rọ̀ ọjọ́sí! Àgbọ̀nrín wa kẹ̀kẹ́ náà bí ẹni tí ajá ń lé. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún gbọ́ ọ: “Gbé e sókè, jọ̀ọ́!” Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìyẹn, ó wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì fi máa pé, ojúgun ti ń san, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún ti wú, kò sì lè gun àtẹ̀gùn ilé ìwé láìdi ògiri mú. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó wọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ káàárọ̀.”

“Ọ̀gá oníbìínú, káàárọ̀. Kí ló ṣe ẹsẹ̀?”

“Orúnkún ni.”

“Á ṣe é! Gbé e sókè, gbé e sókè, ohùn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ há!”

“Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ tí mo ṣubú náà nìyẹn.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé sípánà sílẹ̀. “Ìjókòó ni mo ní kó o gbé sókè. O ń gun kẹ̀kẹ́ bí àkèré! Lọ́jọ́ tó o ṣubú, ẹsẹ̀ ni mo ní kó o gbé sókè. Ẹni tó bá ń yà sọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ wà lókè, kí pẹ́dà tá à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ má baà ha ilẹ̀. Tìẹ ha ilẹ̀, ló bá gbé ẹ ṣubú.”

“Ẹ rẹ́rìn-ín.”

“Mo rẹ́rìn-ín.” Ó ń nu ọwọ́, kò wojú rẹ̀. “Mi ò ní purọ́. Kò dáa. Má bínú, àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́, ‘ẹ káàárọ̀’ rẹ ni ò fún mi láyè.”

Àgbọ̀nrín ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tú ìjókòó, ó fà á sókè.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ mọ́!”

“Ṣé orí ilẹ̀ lo jókòó sí ni? Yí jíà sí èyí tó fúyẹ́. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.”

Ó gbọ́ràn. Bó ṣe ń wà á lọ, orúnkún ò jó o bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, bíi pé ó ń sáré.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ti ṣòfò, orúnkún sì tún gba ọ̀sẹ̀ méjì kó tó san. Lọ́jọ́ ìdíje, Àgbọ̀nrín ṣe ipò kẹrin. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n mú.

Ó sunkún títí. Lọ́jọ́ Ajé, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bó ṣe dé kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó sì yà yọ̀ọ̀ bí ejò.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé e sókè o!”

“Mo rí i, ọ̀gá oníbìínú!”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá ṣẹ̀ yín, ẹ bínú. Ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìbínú di etí. Ẹnu tó fi yín rẹ́rìn-ín lánàá lè jẹ́ ẹnu tó ń kìlọ̀ fún yín lónìí, etí tó bá ṣì ń bínú kò ní mọ ìyàtọ̀. Ipò kẹrin ló kọ́ Àgbọ̀nrín lẹ́kọ̀ọ́ yìí.