Ọmọ tí Ó Fa Aṣọ Ìkélé

Ọkùnrin kan wà tí kì í mutí, kì í sì í jalè. Símẹ́ńtì ni ó ń tà, ó sì lawọ́ débi pé Ọ̀gá Olóore ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdọọdún ni ó ń rán àwọn ọmọ aláìní lọ sí ilé-ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé ọrẹ ṣíṣe ni a fi ń wọ ọ̀run, òun ni ì bá kọ́kọ́ wọlé.

Ṣùgbọ́n ó ní àṣà kan. Kí ọmọ tó rí ìrànwọ́ gbà, yóò gun orí àga níwájú ìjọ, yóò sọ ohun tí ó jẹ lánàá àti bí wọ́n ṣe ń sùn nílé, ìyá rẹ̀ yóò sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Bí omijé bá jáde, ọ̀gá á mi orí, á sì gbà. Ó máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sunkún, ebi kò tíì pa á.

Lọ́dún kan, ó kan ọmọbìnrin opó alágbàfọ̀ kan. Orí rẹ̀ pé gan-an, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó sì ń fojú sọ́nà fún. Ó gun orí àga, ó wo ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí màmá mi dìde ná."

Inú bí ọ̀gá. Ó ní tálákà tó ń gbéraga kò tíì ṣetán láti jẹun, ó sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Káfíńtà kan, ọ̀rẹ́ ọ̀gá láti kékeré, tẹ̀lé e jáde.

"Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tí ọmọ yẹn ní lo tì mọ́ ọn lójú yẹn. Ìtìjú rẹ̀ lo fẹ́ rà, kì í ṣe ìwé rẹ̀."

Ọ̀gá fèsì pé kí ẹni tó ń kan àga má kọ́ òun ní ìjókòó. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ náà fi ilé-ìwé sílẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Àrùn rọpárọsẹ̀ dá ọ̀gá wó sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ó bá ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tí èrò kún fọ́fọ́. Ó ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sára, kò sì lè yíra padà. Àwọn àlejò ń di imú, wọ́n ń wò ó. Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ni wọ́n rán sí i pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀gá wo ojú rẹ̀: ọmọ alágbàfọ̀ ni.

Kí obìnrin náà tó ṣí i láṣọ, ó fa aṣọ ìkélé yí ibùsùn ká.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Baba. Ẹnikẹ́ni ò ní í rí yín."

Omijé tí ọ̀gá ti ń gbà lójú ọmọ ọlọ́mọ wá já bọ́ lójú tirẹ̀. Nígbà tí káfíńtà wá kí i, ó fi ẹnu tó ti wọ́ bi í bóyá Ọlọ́run ṣì lè wo irú òun.

Káfíńtà ní, "Wọ́n bọ́ Jésù sí ìhòhò ní gbangba kí èmi àtìrẹ lè rí aṣọ wọ̀. Tọrọ aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní ní kí o gun orí àga."

Ọ̀gá tọrọ, ó sì rí àánú gbà. Nígbà tí obìnrin náà padà wá, ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó ní òun yóò rán an padà sí ilé-ìwé. Obìnrin náà rọra fún omi kúrò nínú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo ti dárí jì yín. Àmọ́ àwọn ọmọ mi ń dúró dè mí nílé, orí mi ò sì gba ìwé mọ́. Àwọn tó ṣì kéré ni kí ẹ rán lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe. Wọ́n gbé àga yẹn kúrò. Ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù yẹn, ẹni tí ì bá máa fúnni lábẹ́rẹ́ ṣì ń nu ilẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, Ọlọ́run dárí ji ọkùnrin náà pátápátá. Ọdún tí ọmọ yẹn pàdánù kò padà. Ta ni ó wà lórí àga níwájú rẹ? Má dúró dìgbà tí wọn yóò máa wẹ̀ ọ́ lórí ibùsùn. Kúnlẹ̀ fún Jésù lónìí, kí ìyá ọmọ náà lè dìde.